Òṣùpá Tó Di Ẹyin: Ayé Mi Nídìí Àkọlé Fídíò ní Lomé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun, mo sì dá yín lóhùn pé àkọlé fídíò ni mo ń kọ. Ẹ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú yín tilẹ̀ ní, "Mámà, ìyẹn náà niṣẹ́?" Mo ní n kò bínú. Irọ́ ni, mo bínú. Nítorí ìbéèrè yẹn ni mo ṣe ní kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó yan iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe.

Bí fídíò bá bẹ̀rẹ̀, àkọlé ni ojú kọ́kọ́ ń rí: orúkọ ọkọ àti ìyàwó, orúkọ olóògbé, àmì ìjọ, àmì ẹgbẹ́. Tó bá dára, kò sẹ́ni tó máa yìn ọ́. Wọ́n á rò pé bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn. Tó bá wọ́ díẹ̀ báyìí, gbogbo ayé á di ọ̀jọ̀gbọ́n lé ọ lórí. Iṣẹ́ tí kò lọ́pẹ́ nínú ni. Mo ti sọ ọ́ fún yín o, ẹ má wí pé ẹ ò gbọ́.

Ọ̀fà ni bàbá mi ti wá sí Lomé. Ó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ní Amoutivé, ìyá mi ń ta òwú ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí: Yorùbá nínú ilé, Faransé níléèwé, Mina lójú pópó. Wọ́n sọ mí ní Ìbídùn. Nítorí pé ọwọ́ mi dára nínú ìwé kíkọ, alàgbà kan nínú ìjọ wa mú mi lọ sọ́dọ̀ Fo Ayité, tó ń kọ àkọlé fídíò, pé kí n kọ́ṣẹ́. Fo ni àwọn Mina ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, ṣùgbọ́n àwa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Pàtírọ̀n là ń pè é, bí Faransé ṣe ń pe ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ owó ìkọ́ṣẹ́, bàbá mi àti òun parí ìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sóhun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀.

Ìkọ́ṣẹ́ gan-an ni kí ẹ gbọ́. Nígbà náà, kò sí kọ̀ǹpútà níwájú ẹnikẹ́ni. Páálí dúdú là ń lò, ọ̀dà funfun, búrọ́ọ̀ṣì tín-ínrín àti kọ́ńpáàsì. A ó kọ àkọlé sára páálí, a ó gbé e kọ́ ògiri, a ó dojú kámẹ́rà kọ ọ́. Ó rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, lẹ́tà O nìkan ni Pàtírọ̀n ní kí n máa kọ. Òbìrí, òbìrí, òbìrí. Bí mo bá kọ ọ́ tán, á dorí páálí kodò, á tún un yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí òbìrí náà bá yàtọ̀ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á fi àkísà tó rẹ sínú kẹrosíìnì nù ún kúrò, kò ní sọ ohun tó burú níbẹ̀. Á kàn ní, "Anagovi, tún un kọ." Anagovi, ọmọ Yorùbá nìyẹn lẹ́nu àwọn Mina. Ó tó ọdún kan kó tó pe orúkọ mi gan-an, ọjọ́ tó sì pè é, èébú ló tẹ̀ lé e.

Ó tún ní páálí kan tó gé àárín rẹ̀ jáde bíi fèrèsé. Gíláàsì tẹlifíṣọ̀n a máa gbé etí àwòrán mì, nítorí náà gbogbo lẹ́tà gbọ́dọ̀ wà nínú fèrèsé yẹn. Lọ́jọ́ kan, mo kọ orúkọ ìyàwó kan, Adjoa, mo sì jẹ́ kí A àkọ́kọ́ sún mọ́ etí. Mo rò pé kò ní hàn. Pàtírọ̀n gbé fèrèsé rẹ̀ lé e, ó ní kí n gbé páálí náà lọ sójú títì, kí n máa bi àwọn tó ń kọjá pé kí ni wọ́n rí nínú fèrèsé. "Djoa," ni wọ́n ń kà. "Djoa." Ojú tì mí dé ibi tó yẹ kó dé.

Òfin rẹ̀ kan wà tó ga ju gbogbo èyí lọ. Ó ní, "Ohun tí o rí lórí páálí, irọ́ ni. Ohun tí o bá rí nínú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n, òun lòótọ́." Kásẹ́ẹ̀tì kankan kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù náà láìjẹ́ pé a ti gbé e sínú tẹlifíṣọ̀n, tí òun tìkára rẹ̀ sì ti jókòó sí iwájú rẹ̀. Àwọn oníbàárà á máa kanra, wọ́n á máa wo aago. Kò kàn án.

Mo gbòmìnira, ṣùgbọ́n n kò kúrò. Ó ní kí n dúró kí a jọ máa ṣiṣẹ́, mo dúró. Irinṣẹ́ ń yí padà lójú wa. Lẹ́tà tí a ń lẹ̀ mọ́ páálí dé, búrọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé, tí àwọn ará Lomé ń pè ní ọ́dínatọ̀. Ọwọ́ ẹnì kan tó ti Jámánì dé ni Pàtírọ̀n ti rà á, pẹ̀lú àpótí kan tó ń gba àwòrán láti inú rẹ̀ lọ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó rà á nítorí pé àwọn oníbàárà ń béèrè rẹ̀, kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ fẹ́ ẹ. Èmi ló fi í lé lọ́wọ́. Òun a máa wò ó láti òkèèrè, bí ẹni ń wo àlejò tí kò kí ará ilé.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìlú wá gbóná. 1991 ni. Gbogbo ènìyàn ń pariwo pé àwọn fẹ́ ìjọba tiwa-n-tiwa, wọ́n ń sun táyà lójú títì, ìbọn ń dún níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n gbà pé kí ẹgbẹ́ òṣèlú pọ̀, ẹgbẹ́ wá pọ̀ lóòótọ́! Ẹni tó bá ti lè rí àga mélòó kan háyà, ó ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní àmì, wọ́n fẹ́ kí àmì náà hàn nínú fídíò, kí wọ́n lè máa gbé e káàkiri àgbàlá àwọn èèyàn. Iṣẹ́ dé bá wa bí òjò.

Ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ wọ̀nyí wọlé wá. N kò ní dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ti kú tipẹ́. Ó wọ kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán. Òṣùpá àrànmọ́jú ni àmì wọn, funfun lórí aṣọ búlúù.

Pàtírọ̀n ní, "Ó dára. Anagovi á yà á sórí páálí."

Akọ̀wé ní, "Páálí kẹ̀! Páálí ti di ti ayé àtijọ́. Ẹgbẹ́ tuntun ni wá. Ọ́dínatọ̀ ni kí ẹ fi ṣe é."

"Mùsíọ̀, òṣùpá ni ẹ fẹ́, àbí ẹ̀rọ?"

"Méjèèjì," ni Akọ̀wé dáhùn.

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo ya òṣùpá náà. Ó rí roboto lójú gíláàsì rẹ̀ bí owó onírin. Mo kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, mo gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì. Bí Pàtírọ̀n ṣe fẹ́ ti kásẹ́ẹ̀tì bọnú ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n, iná lọ. Ṣé ẹ rí i bí ayé ṣe ń ṣe? Gbogbo ọjọ́ tí iná ì bá fi lọ!

Ọkọ̀ ń fọn fèrè fún Akọ̀wé níta. Ó na ọwọ́. "Ẹ gbé e wá. Mo ti rí i nínú ọ́dínatọ̀, ó dára."

Pàtírọ̀n ní, "Ẹ̀yin rí i. Tẹlifíṣọ̀n ò tíì rí i. Ẹ dúró kí iná dé."

"Ìlú ń jó, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n!" Ó já kásẹ́ẹ̀tì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jáde.

Títí dòní, n kò tíì gbàgbé ọwọ́ tó fi já a gbà yẹn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ta ni kí n sọ ọ́ fún?

Àgbàlá ńlá kan ní Ablogamé ni wọ́n ti fi fídíò náà han àwọn èèyàn. Èmi náà lọ, mo fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Wọ́n to tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta sórí tábìlì, èrò kún dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Òṣùpá yọ. Ó ti fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, orí rẹ̀ tẹ̀, ìdí rẹ̀ tẹ̀. Mo rò pé tẹlifíṣọ̀n kan ló bàjẹ́, mo wo èkejì, mo wo ẹ̀kẹta. Bákan náà ni. Kò tilẹ̀ tẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá àbùkù ẹni kì í gbójú fo èyí tó kéré. Ẹnì kan kígbe láti orí ògiri pé, "Koklozi!" Ẹyin adìyẹ nìyẹn ní èdè Mina. Ẹ̀rín bú gbàù.

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ẹyin ti wà lára ògiri káàkiri àdúgbò, wọ́n fi èédú yà á. Àwọn alátakò wọn ń kọrin tẹ̀ lé ọmọ ẹgbẹ́ náà pé ẹgbẹ́ ẹlẹ́yin, wọ́n máa fọ́. Ẹ̀yin lè rò pé àwàdà ni. Lákòókò tí mò ń sọ yìí, wọ́n lu èèyàn pa nítorí ohun tó kéré ju àwàdà lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ náà ya wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní àárọ̀. "Ta ló rà yín? Èló ni wọ́n fún yín kí ẹ lè sọ wá di ẹyin?" Wọ́n ti gbá Pàtírọ̀n lọ́rùn aṣọ mú. Ọ̀kan fi ẹsẹ̀ gbá kọ̀ǹpútà lulẹ̀, gíláàsì rẹ̀ fọ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, pé èmi ni mo yà á. Pàtírọ̀n kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi. Ó pariwo ju tèmi lọ: "Èmi ni pàtírọ̀n níbí! Ohun tó bá ti inú ṣọ́ọ̀bù yìí jáde, èmi ni." Wọ́n gbé e jù sínú ọkọ̀, wọ́n gbé e lọ.

Mo kó páálí, ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì àti kọ́ńpáàsì sínú àpò. Ìyá mi ti gbọ́ ariwo, ó dí ojú ọ̀nà mọ́ mi.

"Ìbídùn, níbo lò ń lọ? Ọkùnrin ni Ayité, ó mọ bó ṣe máa gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n pa ọ́ ni?"

"Màámi, ọwọ́ mi ló ya òṣùpá yẹn."

Ó wò mí, ó ká ọwọ́ lérí. Nígbà tó yá, ó kúrò lójú ọ̀nà. Mo wọ takisí lọ sí àgbàlá ẹgbẹ́ náà ní Ablogamé.

Orí bẹ́ǹṣì ni mo bá Pàtírọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ wà létè rẹ̀, awò ojú rẹ̀ ti fọ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ yí i ká, wọ́n ń pariwo pé kó dárúkọ ẹni tó rà á. Akọ̀wé tó gba kásẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ igi, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Alága wọn, bàbá arúgbó kan, jókòó sórí àga, ọ̀pá wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

Pàtírọ̀n ní, "Ẹ fún mi ní ọmọrí abọ́ kan." Wọ́n mú ọmọrí abọ́ tánganran wá. Ó ní kí wọ́n tẹ fídíò náà, ó gbé ọmọrí lé òṣùpá nínú gíláàsì. Lókè àti nísàlẹ̀, ó bò ó. Lọ́tùn-ún àti lósì, òṣùpá yọ jáde.

Ó ní, "Mo rí i. Ẹ̀yin náà rí i. N kò mọ ohun tó fà á. Bí mo bá ní mo mọ̀, irọ́ ni mo pa fún yín."

Kò sí ìgbà kan rí tí mo gbọ́ kí ọkùnrin yìí sọ pé òun ò mọ nǹkan.

Mo sún síwájú. Mo sọ fún Alága pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ní kámẹ́rà níbí. Ẹ jẹ́ kí n tún òṣùpá yín yà lójú yín." Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ní kí wọ́n tì mí síta. Alága gbé ọ̀pá sókè. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ nínú oòrùn, mo gbé páálí lélẹ̀. Mo fi kọ́ńpáàsì yí òbìrí, mo fi ọ̀dà kún inú rẹ̀. Aláwòrán wọn gbé kámẹ́rà kọjú sí i, ó so okùn rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Òṣùpá yọ. Ó rí roboto. Pàtírọ̀n fi ọmọrí náà bò ó, kò sí ibi tó yọ.

Ó yíjú sí wọn. "Ọwọ́ kan náà ló ya méjèèjì. Bí wọ́n bá ra ọwọ́ yìí lánàá, ta ló rà á padà láàárọ̀ yìí?"

Alága wá béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ó dára. Ta ló wá ní kí wọ́n má fi páálí ṣe é tẹ́lẹ̀?"

Mo la ẹnu. Mo ti fẹ́ nàka sí abẹ́ igi yẹn. Ni Pàtírọ̀n bá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ gan-an ni. Ó ní, "Oníbàárà mi ló ní bẹ́ẹ̀. Iná ló sì lọ." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí a máa lọ. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá. Wọ́n gba páálí mi o, wọ́n fi ṣe fídíò mìíràn.

Lójú ọ̀nà, mo tú gbogbo inú mi jáde. Mo ní, "Pàtírọ̀n, kí ló dé? Ó wà níbẹ̀! Ó dúró, ó ń wò yín bí wọ́n ṣe ń gbá yín létí! Kí ló dé tí ẹ ò fi jẹ́ kí n sọ?"

Ó nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀. "Anagovi, bí o bá nàka sí i, wọ́n á fi mí sílẹ̀, wọ́n á pa á. Òṣùpá tó wọ́, ṣé ó tó èèyàn ni?"

Inú ṣì ń bí mi. Akọ̀wé náà, a pàdé rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn nítòsí ọjà, ó wo ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni pé òun ò mọ̀ wá. Mo fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n mo máa ń rán Ọlọ́run létí.

Lẹ́yìn èyí, Pàtírọ̀n ní òun ò ṣiṣẹ́ fún olóṣèlú mọ́. Ìyanṣẹ́lódì gígùn wá bẹ̀rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tì, ọjà tì, iléèwé tì. Nígbà tí ìbọn wá ń dún láàárín ìlú, àwọn èèyàn ń sá lọ tẹrù tọmọ, àwọn kan kọrí sí Gánà, àwa kọrí sí Kútọnu, lọ́dọ̀ àwọn ìbátan ìyá mi. Mo bẹ Pàtírọ̀n pé kó jẹ́ ká jọ lọ. Ó ní ìyá òun ti dàgbà jù láti sá.

Ní Kútọnu, mo rí iṣẹ́ ní ilé fídíò kan. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ wọn ni Rafiu, ọmọ Nago, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, tó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Dákà. Lọ́jọ́ kan, mo yọjú wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo rí i tó ń ya àmì ṣọ́ọ̀ṣì kan, òbìrí, ó sì ti fún un pọ̀ títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́, ó nàró bí ẹyin tí wọ́n gbé dúró. Mo figbe ta. "Rafiu! Ẹ má jẹ́ kó jáde! Wọ́n á pa yín!"

Ó yà á lẹ́nu. Ó ní, "Àǹtí, ẹ fara balẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn." Ó tẹ̀ ẹ́ sínú tẹlifíṣọ̀n. Òbìrí náà yọ roboto, kò lábùkù kankan. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní kò sí ibi tó ń lọ lọ́jọ́ náà títí yóò fi ṣàlàyé fún mi.

Ó mú mi lọ sídìí oníkọfí tó wà létí títì. Oríṣi ṣúgà méjì ló wà nínú abọ́ rẹ̀: oníhóró tó dọ́gba lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti èyí tó gùn díẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Rafiu to èyí tó dọ́gba sórí tábìlì, márùn-ún ní ìbú, márùn-ún ní gíga. Ó to èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, márùn-ún, márùn-ún.

"Àǹtí, ṣé iye wọn dọ́gba?"

"Ó dọ́gba."

"Ṣé wọ́n rí bákan náà?"

Wọn ò rí bákan náà. Èkejì ti fẹ̀. Ó ní hóró ṣúgà ni àwòrán. Hóró inú kọ̀ǹpútà dọ́gba. Hóró inú fídíò wa níbí fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Kọ̀ǹpútà ń ka hóró fún fídíò, fídíò ń to iye kan náà, ṣùgbọ́n hóró tirẹ̀ ló fi ń tò ó. Ojú tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà, bí gíga rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ta, ìbú rẹ̀ á jẹ́ mẹ́rin. Fídíò wa ní hóró 576 ní gíga. Bí hóró bá dọ́gba, 768 ló yẹ kó wà ní ìbú. Ṣùgbọ́n 720 péré ni fídíò ń gbà, 720 yìí ló sì máa nà títí yóò fi kún ojú tẹlifíṣọ̀n. Rafiu ní nítorí náà, orí 768 ni kí ẹ ti yà á, kí òbìrí yín rí roboto níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ fún ìbú rẹ̀ pọ̀ sí 720, kí ẹ má fọwọ́ kan gíga. Á tẹ́ẹ́rẹ́ lójú yín. Ẹ má bẹ̀rù. Tẹlifíṣọ̀n á tú u sílẹ̀. Ó sì kìlọ̀ fún mi pé ti àwọn ará Amẹ́ríkà yàtọ̀: 480 ni gíga tiwọn, hóró wọn sì ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n ti máa wò ó ni kí n máa kọ́kọ́ béèrè.

Mo lu tábìlì. Kọfí dà. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ablogamé, ètè tó bẹ́, awò tó fọ́, ṣúgà ló fà á! Ohun tí ènìyàn kan lè ṣàlàyé kí kọfí tó tutù! Oníkọfí rò pé a ń jà ni.

Nígbà tí Lomé rọ̀, mo padà. Ìyá Pàtírọ̀n ti kú. Òun náà ti gbẹ, kò sì tíì rí awò mìíràn tó bá ojú rẹ̀ mu. N kò tíì jókòó tán tí mo fi da ṣúgà sórí tábìlì rẹ̀. Ó fi ìka kàn wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí ojú rẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó mú hóró kan nínú èyí tó fẹ̀, ó jù ú sẹ́nu, ó rún un.

Ó ní, "Ìbídùn, wá ẹ̀rọ mìíràn fún wa."

Bí a ṣe tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òun ló ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, èmi ni mo wà nídìí ẹ̀rọ, títí ó fi fi ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́ pátápátá. Mo kọ àkọlé títí ìka mi fi ń dùn mí. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, fáìlì dé. Nígbà tí mo rò pé mo ti mọ 768 bí orúkọ mi, tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ gan-an tún dé, mo tún kọ́ ìṣirò mìíràn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí mo gbà, tí wọ́n ti Nàìjíríà wá kàwé, á ní, "Mámà, ẹ̀rọ máa ń ṣe é fúnra rẹ̀ báyìí." Lóòótọ́, ó máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí kò bá ṣe é, ta ló máa rí i? Ẹni tó mọ̀ pé nǹkan kan yẹ kó ṣẹlẹ̀ ló ń rí i pé kò ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́ títí ó sú mi. Mo ta ẹ̀rọ, mo kọ́ ilé kékeré ní Légbassito, mo ń gbin gbágùúdá.

Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún yín, ẹ má ṣe tèmi. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí ohun tó wọ́ kì í jẹ́ kó sùn, ẹ wá, bóyá ẹ̀yin ni mò ń wá.

Lọ́dún tó kọjá, Pàtírọ̀n kú. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ní Amoutivé ni wọ́n ti ṣe ìsìn rẹ̀. Wọ́n gbé aṣọ funfun ńlá kọ́ iwájú, wọ́n fẹ́ fi àwòrán rẹ̀ hàn. Àwòrán yọ, ó kún aṣọ náà láti etí dé etí. Ọkùnrin tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọnú láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, wọ́n ti nà án di ọlọ́rà, imú rẹ̀ pẹlẹbẹ, èjìká rẹ̀ bíi ti akànṣẹ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sunkún síwájú àjèjì.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo dìde. Mo rìn láàárín àga lọ sídìí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ. Mo ní, "Bàbá kọ́ nìyẹn. Tún un ṣe."

Ó ní, "Mámà, àlùfáà ti dìde. Ó dára bẹ́ẹ̀, ó kún ojú aṣọ."

"N kò bi ọ́ bóyá ó kún. Mo ní Bàbá kọ́ nìyẹn."

Àlùfáà dúró, ó ń wò mí. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnì kan fà mí láṣọ pé kí n wá jókòó, mo gbọ̀n ọ́n nù. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nǹkan. Ó fún un, ó fún un jù, mo ní kó tú u díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ó dúró níbẹ̀.

Ojú Pàtírọ̀n padà sí bó ṣe wà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó le, bí ẹni tó fẹ́ ní kí n tún un kọ. Mo gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jókòó ní iwájú kígbe pé, "Papa!" Ìgbà yẹn ni ẹkún tòótọ́ tó bẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Mo sọ fún àlùfáà pé kí wọ́n máa bá ìsìn lọ, mo sì lọ jókòó.